Láti Lánlátẹ̀ dé Àgbàlá Wa: Bí Tẹlifíṣọ̀n Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ìbéèrè méjì ni àwọn ará Ayétẹ̀ máa ń bi mí nípa díìṣì, bí ẹni pé ẹni tó bá ti kàwé gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan. Àkọ́kọ́: kí ló dé tí àwòrán fi máa ń lọ nígbà tí òjò kò tíì kán sórí páànù wa rárá? Èkejì: tí a bá gbé díìṣì sórí òpó tó ga dáadáa, ṣé àwòrán kò ní dára sí i? Iṣẹ́ èdè ni mo fi ayé mi ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì, kò sì le: ibi tí díìṣì ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, orí òpó gíga ni wọ́n ti ń fọ́n ohùn àti àwòrán ká. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sílẹ̀. Tí òkè bá dí i lọ́nà, tàbí tí ilé bá jìnnà jù, kò ní dé ibẹ̀ dáadáa. Ìbàràpá sì rèé, ilẹ̀ olókè àpáta ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn fi ń ri ọparun tàbí páìpù gíga mọ́lẹ̀, tí wọ́n á so eríà mọ́ ọn lórí. Ẹnì kan á máa yí i níta, ẹlòmíràn á máa pariwo láti inú pálọ̀ pé, "Ó ti dá o! Áà, ó tún ti lọ! Dá a padà díẹ̀!" Nígbà náà, gíga òpó wúlò gan-an.

Ti sátẹ́láìtì yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé sójú òfuurufú, ní nǹkan bíi kílómítà 36,000 sókè, lórí ìlà agbedeméjì ayé. Kò dúró síbẹ̀ o, ó ń sáré. Kílómítà 3 ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan láàárín àsìkò tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ronú nípa ẹni méjì tó ń jó yí onílù ká, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Tí wọ́n bá jọ ń yí ní ìwọ̀n kan náà, wọn ò ní pàdánù ara wọn. Lójú tiwa nílẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé sátẹ́láìtì náà dúró gbagidi síbì kan. Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ní 1945 pé èèyàn lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé ohùn káyé. Ní April 1965, Early Bird, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti Intelsat, gbéra lọ sókè.

Alágbàtà ni sátẹ́láìtì. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á ju ìgbì sókè sí i láti ilẹ̀. Òun á gbà á, á fún un lágbára sí i, á sì dá a padà wálẹ̀. Èyí tó ń gòkè sábà máa ń wà ní nǹkan bíi gígáhẹ́ẹ̀tì 14, èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 12. Wọn ò jẹ́ kó bá ara mu, torí ẹni tó ń kígbe kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àlọ àti àbọ̀ yẹn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.

Ìbàràpá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lánlátẹ̀, aládùúgbò wa, ni Nàìjíríà kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì rẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láti máa gba ìpè tẹlifóònù àti àwòrán láti òkè òkun. Irú díìṣì ńlá tí Intelsat ń béèrè nígbà náà fẹ̀ tó mítà 30. Tilé wa lónìí kò tó mítà kan! Kí ló fà á? Agbára tí Early Bird fi ń sọ̀rọ̀ kò tó ti gílóòbù iná kan nínú yàrá, nítorí náà etí ńlá ni ilẹ̀ nílò láti gbọ́ ọ. Àwọn ti òde òní ń fi agbára tó ju wáàtì 100 lọ sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó wà lókè ṣe ń pariwo sí i ni etí wa nílẹ̀ ń kéré sí i.

Iṣẹ́ díìṣì ni láti kó ìgbì tó bọ́ sí i lára jọ sójú kan, bí ọwọ́ tí a tẹ̀ kòtò ṣe ń gba omi. Ojú kan náà ni orí kékeré tí wọ́n ń pè ní LNB wà. Yóò gbà á, yóò sọ ọ́ di èyí tó lè gba inú wáyà kọjá, dikódà á sì tú u sí ohùn àti àwòrán. Ẹni tó pe tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán kò ṣìnà: ohun tó ń mú ohùn, tó ń mú àwòrán.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbì náà ń bọ́ sórí òrùlé olówó àti ti tálákà bákan náà. Ilé iṣẹ́ ló tì í pa. Dikódà ló ní kọ́kọ́rọ́. Tí owó oṣù bá tán, kò sẹ́ni tó gé nǹkan kankan lókè, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbà. Àwọn ìkànnì kan wà tí wọn ò tì pa rárá, tí kò gba owó oṣù. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ó wá ku òjò. Sátẹ́láìtì tí díìṣì DStv ilẹ̀ wa ń wò wà ní digíì 36 ní ìlà-oòrùn, lókè Kẹ́ńyà. NigComSat-1R, ti ìjọba wa, tí wọ́n gbé sókè ní December 2011, wà ní digíì 42.5, ìlà-oòrùn náà ni. Nítorí náà ìlà-oòrùn ni díìṣì wọ̀nyí kọjú sí. Láti Ayétẹ̀, ìgbì ti 36 yẹn ń dagun bọ̀ ní nǹkan bíi digíì 51 sí ilẹ̀. Ibi tó ti ń wọnú òjò lókè lè fi kílómítà 4 jìnnà sí ilé wa. Òjò wa tó ń bá ìjì àti àrá rìn, níbo ló sábà máa ń ti wá? Ìlà-oòrùn kan náà! Omi òjò máa ń mu irú ìgbì yìí, ó sì máa ń tú u ká. Òjò ti dí ọ̀nà fún díìṣì lókè ọ̀hún kí ó tó kán sí wa lórí.

Ọ̀rọ̀ òpó náà ti yanjú. Kí ni mítà 10 lára kílómítà 36,000? Tí igi máńgòrò tàbí ilé kò bá dí ìlà-oòrùn, ẹ lè ri díìṣì mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Owó òpó gíga, ẹ fi ra nǹkan mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín gun òrùlé tó tutù nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá já bọ́ kò rí bọ́ọ̀lù wò mọ́. Àmọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́: GOtv àti StarTimes tó ń lo eríà, orí òpó nílẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́n tiwọn, bíi ti 1959. Fún ìyẹn, gíga ṣì wúlò.

Tí àwòrán bá lọ lójú òjò, ẹ pa á, ẹ sinmi, á padà wá. Tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí kò sì padà, ẹ wò ó bóyá ìjì ti sún díìṣì. Tó bá fi digíì bíi 2 péré yẹ̀, àwòrán lè lọ pátápátá. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́.