Kí wọ́n tó yọ eyín yín, ẹ sọ bí ọkàn yín ṣe wà

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé eyín ò kan ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sí ibi méjèèjì.

Kòkòrò àrùn wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá yọ eyín tàbí gé erìgì, díẹ̀ nínú wọn á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọkàn bá dá ṣáṣá, ara á pa wọ́n láìpẹ́. Àmọ́ inú ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí ilẹ̀kùn náà bá ti bàjẹ́, tàbí tó jẹ́ àtọwọ́dá, kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì máa pọ̀ sí i. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní endocardite. Ó lè pa èèyàn.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra jù? Ẹni tó ní ilẹ̀kùn àtọwọ́dá lọ́kàn, ẹni tó ti ní endocardite rí, àti àwọn kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn tó le. Ẹni tí ibà làkúrègbé ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Dókítà máa ń fún irú wọn ní oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú iṣẹ́ náà. Amoxicilline ni wọ́n sábà ń lò, giramu 2 fún àgbàlagbà. Bí ara yín ò bá gba pénicilline, ẹ sọ; oògùn mìíràn wà. Ẹ má fúnra yín rà á lójú ọjà.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló nílò oògùn yìí. Jíjẹun àti fífọ eyín lójoojúmọ́ pàápàá ń jẹ́ kí kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀, àgàgà tí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹnu mímọ́ ni ààbò àkọ́kọ́. Ẹ fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má sì dúró dìgbà tí eyín bá jẹrà kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà eyín.

Bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn, tí ara yín sì ń gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín, tí ó ń rẹ̀ yín, tí ẹ ń làágùn lóru, ẹ má kàn sọ pé ibà ẹ̀fọn ni. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú carnet yín dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ yọ eyín. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gba ẹ̀mí là.