Ẹlẹ́rìí Inú Ẹrù: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀rọ tí a Fi Ń Wọn Ìnira Ọ̀nà Òfuurufú



Kò sí ẹni tí ó ti ra ìkòkò Ìṣàn rí tí kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ mímọ ìkòkò, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ gbígbé e dé ọjà láìfọ́. Ìyá tí ó mọ ọ́n ti fi iná sun ún, ó ti fi ìka kàn án láti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dá a lójú pé kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti gbé e sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìkòkò náà bá dé Adó pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìdí, awakọ̀ yóò wí pé ọ̀nà dára, ìkòkò ni kò jinná. Ìyá yóò wí pé ìkòkò jinná, ọ̀nà ni kò dára. Ta ni yóò ṣe ìdájọ́ láàárín wọn? Kò sí ẹni tí ó jókòó nínú ẹrù.

Irú ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tí a ní lọ́kàn kì í ṣe ìkòkò, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì gba ojú títì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Falcon 9 gbéra ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń kó ẹrù lọ sí ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ jùmọ̀ kọ́ sí òfuurufú, ní ìwọ̀n bí kìlómítà 400 lókè orí wa. Nínú ẹrù náà ni àpótí kékeré kan wà, tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tí ó sì wúwo tó bí kìlógíráàmù 1. NigeriaEduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Ti Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ni, níbi aládùúgbò wa. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ní Kyushu Institute of Technology ní Japan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Gánà, Mòǹgólíà, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí pé ìpínlẹ̀ kan náà ni Adó àti Àkúrẹ́ wà títí di ọdún 1996 kò ní bínú sí wa bí a bá pè é ní ẹrù ilé wa.

Ó dé láìfọ́, a sì tì í síta sí òfuurufú ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, "Báwo ni ọ̀nà ti rí?" kò ní ìdáhùn. Ó sùn ni. Òfin irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni pé kí a já iná bátìrì kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó wà lọ́nà, kí ó má baà jí láìtọ́ kí ó sì ṣe ọkọ̀ tàbí ènìyàn ní jàǹbá. Òfin náà dára; a kò bá a jà. Àmọ́ nítorí rẹ̀, ẹni tí ìyà jẹ gan-an ni kò lè sọ bí ìyà náà ti rí.

Ìyà wo ni? Àkọ́kọ́ ni ìtìsókè. Nígbà tí mọ́tò bá sáré lójijì, ẹ̀yìn wa a lẹ̀ mọ́ àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, àfi pé níbẹ̀ ohun tí ó wọn kìlógíráàmù 1 lè wúwo bí 4 tàbí 5 fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé bí epo ti ń jó tán ni ọkọ̀ ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtì rẹ̀ sì ń le sí i. Èyí kì í da oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ láàmú púpọ̀.

Èyí tí ń dani láàmú ni gbígbọ̀n. Ẹ ti rí i ní ibùdókọ̀ pé bí ọkọ̀ lọ́rì bá dúró tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, gíláàsì fèrèsé kan a máa gbọ̀n jìgìjìgì. Bí awakọ̀ bá tẹ iná díẹ̀ sí i, gíláàsì náà a dákẹ́, irin mìíràn a sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, ohùn dùùrù kan wà tí ń mú fèrèsé kan dáhùn, tí àwọn ohùn yòókù kò sì mì í. Gbogbo ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni ó ní ohùn tirẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í sì í mú ohùn kan lọ, ó ń mú gbogbo ohùn lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan títí dé èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 2000. Nítorí náà kò sí bí kò ti ní kan ohùn tirẹ̀ lára àpótí rẹ. Nígbà tí ó bá sì kàn án, gbígbọ̀n tí ó jẹ́ 1 ní ìsàlẹ̀ lè di 10 tàbí 20 ní òkè, kí wáyà kékeré kan sì já níbi tí a kò fọkàn sí.

Ariwo wà pẹ̀lú, tí ń lu pákó fẹ́ẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ti ń lu awọ ìlù. Nínú ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tù díẹ̀ ni a sì fi ń já ìdè tí ó so apá kan ọkọ̀ mọ́ èkejì. Ìjàn náà a ti kọjá kí ojú tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè ju ti òòfà ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Wàyí o, gbogbo ẹrù tí Nàìjíríà ti rán lọ sókè, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó gbé e. Ọkọ̀ Rọ́ṣíà ni ó gbé NigeriaSat-1 láti Plesetsk ní 2003. Ti Ṣáínà ni ó gbé NigComSat-1 láti Xichang ní 2007. Ọlọ́kọ̀ a máa fún ẹlẹ́rù ní ìwé tí ó sọ bí ọ̀nà yóò ti le tó. Ìwé náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n nítorí gbogbo ẹrù ni a ṣe kọ ọ́, kì í ṣe nítorí tìrẹ nìkan. Bí o bá fi irin púpọ̀ kún àpótí rẹ nítorí ìbẹ̀rù, o ń san owó lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan, àyè kámẹ́rà rẹ sì ń dín kù. Bí o bá dín irin kù nítorí ìgboyà, o lè pàdánù iṣẹ́ ọdún púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nítorí náà ni a ṣe wí pé kí ẹni tí ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn rán ẹlẹ́rìí tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wo bí ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ti wúlò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, àwọn ará Amẹ́ríkà rán rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá Saturn V lọ láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, nínú ìrìnàjò tí a ń pè ní Apollo 6. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè-sódò bí ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ kan tọ, ní ìwọ̀n bí ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó wà nínú ọkọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti inú ohun tí wọ́n kọ ni a ti mọ̀ pé ìtì ẹ̀rọ àti mímì epo nínú páìpù ń dá ara wọn lóhùn. A fi gáàsì helium sí ọ̀nà epo láti gba mímì náà mọ́ra. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ènìyàn mẹ́ta gun irú ọkọ̀ náà lọ yí òṣùpá ká, wọ́n sì padà sílé.

Báwo ni a óò ti ṣe tiwa? Ọkàn ẹ̀rọ náà ni ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní accelerometer. Ẹ rò ó bí òkúta kékeré tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpótí: bí àpótí bá sún, òkúta a fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ a tẹ̀, iná mànàmáná a sì yí padà níwọ̀n bí ó ti tẹ̀ tó. Lóde òní ó kéré ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹyọ kan kò tó. Ẹni tí ó ní ọ̀pá ìwọ̀n kan ṣoṣo kò lè fi wọn ìbú irun kí ó sì tún fi wọn ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan yóò máa wo ìtìsókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èkejì yóò máa wo gbígbọ̀n, ẹ̀kẹta tí ó le yóò máa dúró de ìjàn. Ti ariwo, ẹ̀rọ agbóhùn kékeré tó fún un.

Kí ẹlẹ́rìí náà fúyẹ́. Onílù mọ ìdí rẹ̀: bí ó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awọ, ohùn ìlù yí padà. Ẹ̀rọ wíwúwo tí a dè mọ́ pákó fẹ́ẹ́rẹ́ yóò yí gbígbọ̀n pákó náà padà, yóò sì wá jẹ́rìí sí ohun tí òun tìkára rẹ̀ dá sílẹ̀. Kí a fi ìdè irin dè é ṣinṣin, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ àpótí níbi tí ìyà ti ń wọlé, òmíràn ní orí rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni yóò fi ohùn àpótí náà hàn wá.

Kí ojú rẹ̀ sì yá. Bí ọmọ kan bá ń wo ọ̀pá agogo ara ògiri tí ń mì, tí kì í sì í la ojú àfi nígbà tí ọ̀pá náà bá padà sí ọ̀tún, yóò búra pé kò mì rárá. Ohun tí ń gbọ̀n ní ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a gbọ́dọ̀ wò ó ju ìgbà 4000 lọ. Àwa ìbá fẹ́ 10,000, kí a sì fi asẹ́ sẹ́ èyí tí ó bá yára ju ìdajì iye náà lọ kúrò, kí ó má baà pa ara dà bí ohun mìíràn. Ìhà mẹ́ta ni a ó wò, báìtì 2 fún ìhà kọ̀ọ̀kan: 60,000 báìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti mílíọ̀nù 32 ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 9. Káàdì fóònù tí ó kéré jù lọ gbà á.

Ibi tí ó ṣòro ni ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Bí ó bá jí ní kùtùkùtù, bátìrì rẹ̀ yóò tán lórí ilẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe bí ọmọ ilé-ìwé tí ó ní síléètì: kí ó máa kọ, kí ó máa nù, kí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ó kọjá má ṣe kúrò lójú síléètì. Bí ìtì kan bá le, tí ó sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, kí ó dáwọ́ nínù dúró, kí ó pa ohun tí ó wà níbẹ̀ mọ́, kí ó sì máa kọ lọ. Kòtò ojú ọ̀nà a máa le, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ń tini lọ láìdáwọ́. Bátìrì tirẹ̀ yóò sì ní láti gba ìdánwò àwọn olùṣọ́ ọkọ̀, nítorí pé ohun tí ó jí ni, àwọn sì fẹ́ràn ohun tí ó sùn. Ó lè jẹ́ pé níbẹ̀ ni ó ti máa gba àkókò jù.

Àwọn ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná ni lówó púpọ̀. A lè gbé e sórí tábìlì ní Adó níhìn-ín: bí ó bá dúró, kí ó ka 1, bí a bá dojú rẹ̀ dé, kí ó ka 1 ní ìhà kejì, òòfà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀pá ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, kí a de ọ̀kan mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́rì tí ń gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, kí a sì fi fóòmù wé èkejì nínú àpò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wé ẹrù ibùdó òfuurufú. Ti inú fóòmù gbọ́dọ̀ fi gbígbọ̀n kíkankíkan hàn ní díẹ̀ ju ti ilẹ̀ ọkọ̀ lọ. Bí ìwé àwọn méjèèjì bá rí bákan náà, ìdè kan ti tú tàbí fóòmù ti le jù. Kí a tún un dì, kí a sì tún padà gba ọ̀nà náà.