Ẹ̀wà Ògún, Àkàrà Ọya: Oúnjẹ Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́ Ológun ní Brazil

Ní agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, lọ́dọọdún, iná ọdún tó ń dún gbàù gbàù ló ń jí àwọn ará àdúgbò Quintino ní ìlú Rio de Janeiro, lórílẹ̀-èdè Brazil. Ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ dé nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò á ti kún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì wọ aṣọ pupa. Láti ọdún 2008 ni òfin ìpínlẹ̀ Rio ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń ga, ojú á kúrò lára pẹpẹ, á sì bọ́ sára ìkòkò. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni feijoada Ògún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló pa Ògún àti Jọ́ọ̀jì pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ àtijọ́ ti wí, ọmọ ogun ìjọba Róòmù ni Jọ́ọ̀jì, wọ́n sì pa á nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ère rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì fi í hàn lórí ẹṣin, pẹ̀lú ẹ̀wù irin lọ́rùn àti ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ẹ̀sìn Àgùdà ni ẹ̀sìn ìjọba nígbà náà, àwọn ọlọ́pàá a sì máa ya wọ ilé òrìṣà. Àwọn ènìyàn wa wo ọkùnrin onírin orí ẹṣin yìí, wọ́n ní bí kì í bá ṣe Ògún, ta ni ì bá tún jẹ́? Àwọn kan sọ pé ọgbọ́n ìfarapamọ́ lásán ni. Ní tèmi, ó lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ti ń fi tọkàntọkàn ṣe láti ìran dé ìran ti kọjá ìfarapamọ́.

Kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Salvador, olú-ìlú Bahia, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n fi Jọ́ọ̀jì pè; Antonio Mímọ́, tí ọdún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, ni wọ́n so mọ́ Ògún. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín o: ní ayé ìjọba Potogí, wọ́n fi oyè ológun dá Antonio yìí lọ́lá ní Brazil, wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ sójà fún un. Òkú tó ti kú láti ọdún 1231!

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ààrò. Ẹ̀wà dúdú ni ti Rio. Ní Bahia, ẹ̀wà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n fẹ́ràn jù. Láti alẹ́ àná ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sómi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rẹ ẹran màlúù oníyọ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, tetí, tẹsẹ̀, tìrù, wọ́n á sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ kí iyọ̀ lè jáde. Ẹran líle ló ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò pẹ̀lú ẹ̀wà, sọ́séèjì ló ń kẹ́yìn. Iná jẹ́jẹ́ ni, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ̀wà bá ti rọ̀, olóúnjẹ á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àlùbọ́sà àti aáyù tó ti ń yan nínú ọ̀rá, á fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ rún, á sì dà á padà kí ọbẹ̀ lè ki. Ìrẹsì funfun, gààrí yíyan, ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti ọsàn bíbó ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọsàn yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ajẹkù ọ̀gá ni àwọn ẹrú fi dá oúnjẹ yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó fúnra wọn fẹ́ràn etí àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀wà ẹlẹ́ran kò sì ṣàjèjì ní Potogí.

Nínú ilé òrìṣà, Ògún ṣì ń jẹ iṣu sísun tí wọ́n gún igi màrìwò sí lára. Ẹni tó bá mọ Ìrè yóò mọ̀ pé ìyẹn súnmọ́ ilé ju ẹ̀wà ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Àwọn Àgùdà tó padà dé Èkó mú ẹ̀wà tiwọn bọ̀: fréjọ̀n, tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, tí wọ́n sì ń fi ẹja jẹ. Ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí ẹ̀wà, èyí tó wà nínú feijoada, náà ló di fréjọ̀n lẹ́nu wa.

Ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ni ti Barbara Mímọ́, òun ni mo sì ka ọdún rẹ̀ sí èyí tó dùn jù. Ìtàn sọ pé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bẹ́ ẹ lórí, tí ààrá sì sán pa bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Nítorí ààrá yìí ni àwọn sójà tó ń yin àgbá ogun ní Yúróòpù, àwọn awakùsà àti àwọn panápaná ṣe fi í ṣe alábòójútó wọn. Ní Salvador, Ọya ni. Àwọn tó wọ pupa àti funfun á tò jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n á gbé ère kọjá sí ilé iṣẹ́ panápaná, níbi tí wọ́n ti máa ń fi fèrè ọkọ̀ kí i, kí wọ́n tó lọ sí ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nínú ọjà yìí ni wọ́n ti ń pín caruru, ilá gígé tí wọ́n fi epo pupa, edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kajú lílọ̀ sè. Ìjọba Bahia sọ ọdún náà di ohun ìní àjogúnbá ní 2008.

Oúnjẹ Ọya gan-an ni àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé níbẹ̀. Ẹ̀wà olójú dúdú ni, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ọmọrogùn pò ó títí yóò fi wú. Epo pupa ni wọ́n ń fi dín in, kì í ṣe òróró. Ti òrìṣà kò ní ohunkóhun nínú. Ti títà ni wọ́n ń là láàárín, tí wọ́n ń kó edé àti ata sí.

Ní Nàìjíríà níbí, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni a fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Òdòdó, ìbọn àti ẹyẹlé títú sílẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ ọn. Bí ìkòkò kan bá wà níbẹ̀ fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì àti àwọn opó, mi ò rò pé yóò bu ọjọ́ náà kù.

Àríyànjiyàn kò jìnnà sí ìkòkò Brazil pẹ̀lú. Ní 1983, Ìyá Stella ti ilé Opô Afonjá àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn ní Salvador fọwọ́ sí ìwé kan pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà, àti pé àkókò ti tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tò lẹ́yìn Barbara kò gbọ́ tiwọn. Láti apá kejì, àwọn ọmọ ìjọ ajíhìnrere kan tó ń ta àkàrà kọ orúkọ Ọya, wọ́n ń pè é ní àkàrà Jésù. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ti fi iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà Bahia sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005, aṣọ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìtàn òrìṣà rẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá alákàrà tó ń lọ sí Máàsì láàárọ̀ ni kì í ta ọ̀kan ṣoṣo kí ó tó fi àwọn kéékèèké tó kọ́kọ́ dín sílẹ̀ fún Èṣù.