Arúgbó Orí Bẹ́ẹ̀dì Náà, Òbí Ẹnìkan Ni

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí rọrùn láti mú lò nígbà tí òbí àti ọmọ jọ ń gbé agboolé kan náà. Ẹ wá wo Life Camp ní Àbújá. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní 12 Oṣù Kejìlá, 1991, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni iṣẹ́ ti gbé lọ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ìyá wọn sì wà ní Ìwó tàbí Ìlọrin. Ọmọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń nu òógùn ojú bàbá ẹlòmíràn. Ta ni ń nu ti bàbá tirẹ̀?

Nínú Súrátù Isírá, ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́hun fi ṣíṣe dáadáa sí òbí ti ìjọsìn Rẹ̀ lẹ́yìn, Ó sì kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ sí wọn nígbà tí ogbó bá dé. Ẹni tí a kò gbọdọ̀ ṣe ṣíọ̀ sí nílé, báwo la ó ṣe máa jágbe mọ́ ọn ní ọsibítù?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ má ṣe pe àgbà ní "bẹ́ẹ̀dì kẹrin". Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ tó dúró tì í nìkan. Bí etí rẹ̀ bá wúwo, ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu yín. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ká aṣọ lára rẹ̀. Ẹ bá a wá omi àlùwàlá. Ó lè kírun ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀.

Bí àgbà bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má ṣe sọ pé ogbó ni, tàbí pé àjẹ́ ló ń ká. Àìsàn inú ìtọ̀, àìmu omi tó tàbí oògùn tó ń lò lè fà á. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, títí kan àgbo.

Ní ọdún 2012, ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ṣí ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ohun ìdùnnú ni, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tó lè gba ipò ọmọ.

Bí ẹ bá pe ìyá yín lórí fóònù, ẹ má ṣe dúró lórí "ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ béèrè oògùn tó ti tán, ẹni tí yóò sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, àti bóyá wọ́n ṣubú. Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí ó má baà di ẹrù ẹnì kan ṣoṣo tó kù sílé. Kí ẹ sì máa lọ fojú kàn wọ́n, torí pé ìtọ́jú tí a fún òbí ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹ̀san rẹ̀ pọ̀ tó, kò pa gbèsè òbí tiwa rẹ́.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí wa, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ tọ́jú àwa náà. Àmín.