Ta Ni Yóò Sanwó Ìwé Tí Afọ́jú Lè Kà?

Àdúgbò Dar-es-Salam wà nílùú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìlú yìí náà ni Yunifásítì Alassane Ouattara wà, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Bí òbí kan ládùúgbò bẹ́ẹ̀ bá ní ọmọ tí kò ríran, tọ́mọ náà sì yege láti wọ yunifásítì, owó ilé ìwé nìkan kọ́ ni òbí náà máa rò. Ìwé tọ́mọ máa kà ńkọ́?

Ẹni tó ríran lè yá ìwé, kó sì lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Afọ́jú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, láti ọdún 1829 ni Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fọ́jú ní kékeré, ti tẹ ìwé jáde nípa ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń fọwọ́ kà. Àmọ́ bébà Braille nípọn, ìwé kan ṣoṣo lè di ìdìpọ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sì lè gbówó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Òfin tún dá kún ìṣòro náà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé kó tó lè sọ ọ́ di ti Braille tàbí kó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe Àdéhùn Marrakesh ní June 27, 2013, nílẹ̀ Mòrókò. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 30, 2016. Àdéhùn náà jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lè ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìgbàyè, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílẹ̀ mìíràn tó wà nínú àdéhùn. Kì í ṣe afọ́jú nìkan ló wà fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìwé mú náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ lọ́dún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì wọ̀ ọ́ lọ́dún 2018.

Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àdéhùn kì í sanwó.

Níbo wá ni owó kékeré ti lè ṣiṣẹ́ ńlá? Lọ́dún 2006, ọ̀dọ́kùnrin afọ́jú kan láti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe NVDA, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó kù láti sanwó fún ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú ìwé sínú rẹ̀, àti ẹni tó máa tún àṣìṣe ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹ̀rọ máa ń da àtẹ ìṣirò rú, ó sì máa ń pa àmì ohùn Yorùbá jẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti tún ìwé kan ṣe dáadáa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà yóò lò ó.

Ìrànlọ́wọ́ kan tiẹ̀ wà tí kò ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀: kó sọ orúkọ ìwé tí kíláàsì máa lò ṣáájú kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn ìdánwò kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mọ́.