Iná Tó Ń Kú, Tó Ń Tàn: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Tẹ́mósítáàtì Gírídù Yín

Ẹ̀sùn kan náà ló wà lẹ́nu àwọn tí ń fi gírídù oníná dín ẹyin àti sọ́séèjì, tàbí tí ń fi í yan ṣàwámà, ì báà jẹ́ Kpalsi ní ìlú Tamale, ní Ghana, ni wọ́n pàtẹ sí, ì báà jẹ́ ìgboro Ìbàdàn: “Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Iná rẹ̀ ń kú, ó ń tàn. Mo yí i dé òpin, síbẹ̀ kò gbóná tó.” Wọ́n á gbé e lọ bá atúnṣe. Atúnṣe á ní tẹ́mósítáàtì ló kú, á gé wáyà méjì tó wọ inú rẹ̀, á so wọ́n pọ̀, á gbowó, á ní ó parí. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní “dáírẹ́ẹ̀tì”. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín lónìí ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe tẹ́mósítáàtì náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀rọ tó dáa ni atúnṣe náà gbà lọ́wọ́ yín, ohun tó lè jó ṣọ́ọ̀bù yín ló sì dá padà.

N kò ní fi àyè ṣòfò lórí súwíìṣì, pulọ́ọ̀gì àti irin pẹrẹsẹ tó wà lókè. Gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bọ́tìnnì tí a ń yí. Àṣà tí a kọ́ nídìí èédú àti gáàsì ló ń tàn wá jẹ. Bí a bá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èédú, iná á ràn sí i. Bí a bá ṣí gáàsì sí i, ahọ́n iná á ga. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ ra gírídù rò pé bí òun bá yí bọ́tìnnì sí 300, iná púpọ̀ ni òun dá, bí òun bá yí i sí 180, iná díẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹlimẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ irin náà kò mọ iná púpọ̀, kò mọ iná díẹ̀. Bó bá tàn, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń tàn. Bó bá kú, ó kú pátápátá ni. Bọ́tìnnì kì í bu iná fún un. Ibi tí ooru gbọ́dọ̀ dé kí iná tó kú, ìyẹn nìkan ni bọ́tìnnì ń sọ.

Ẹ wo bí tẹ́mósítáàtì, tó wà nídìí bọ́tìnnì yìí, ṣe ń ṣe é. Lábẹ́ irin náà, ọ̀pá bàbà kékeré kan wà tó fara tì í, ó tín-ín-rín bíi bírò, ohun olómi kan ló sì kún inú rẹ̀. Láti ara ọ̀pá yìí ni páìpù bàbà kan, tí kò tóbi ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ, ti gba abẹ́ ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀yìn bọ́tìnnì, níbi tí àwo irin pẹlẹbẹ kan wà tó rí bí ìlù kékeré. Bí irin ìdínǹkan bá ti ń gbóná, ohun olómi yẹn á máa wú. Bó ti ń wú ni yóò máa ti awọ ìlù náà síta, títí awọ náà á fi ya ẹnu irin méjì tí iná ń gbà kọjá kúrò lára ara wọn. Iná á kú. Nígbà tí irin bá tutù díẹ̀, ohun olómi á sún kì, awọ á padà sáyè rẹ̀, iná á tún tàn. Ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì kò ju pé kí ó sún ìlù yẹn mọ́ ẹnu irin náà, tàbí kí ó sún un jìnnà sí i. Ìlù kékeré yìí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iná. Òun sì ni wọ́n ń pè ní òkú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dán an wò. Ká sọ pé gírídù orí tábìlì kan ń jẹ 3,000 wáàtì, pé irin orí rẹ̀ wúwo tó kílò 10, pé ó sì wà ní dígírì 30 nígbà tí a tan iná sí i. Kó tó dé dígírì 180, yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4, bí a kò bá ka ooru tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Ìṣẹ́jú 4 yẹn kì í yí padà, ì báà jẹ́ 180 lẹ yí bọ́tìnnì sí, ì báà jẹ́ 300, nítorí 3,000 wáàtì kan náà ló ń wọ irin kan náà. Ẹni tó yí i sí 180 á rí i pé iná kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ kú, á mọ̀ pé ó yá, á da ẹyin sí i. Ẹni tó yí i sí 300 kò ní rí àmì kankan. Irin á kọjá ibi tó yẹ, ìsàlẹ̀ ẹyin á jó, òkè rẹ̀ á ṣì máa ṣàn. Nígbà náà ni yóò ní ẹ̀rọ kò ṣe déédéé. Iná kékeré tó ń kú tó ń tàn kì í ṣe àìsàn. Ó ń sọ fún yín pé irin ti dé ibi tí ẹ ní kó dé, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní: “Mo gbọ́, ṣùgbọ́n tèmi kò gbóná lóòótọ́.” Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi iná léèrè kí ẹ tó bi ẹ̀rọ. Fólítì 230 ni wọ́n ṣètò iná ilé sí ní Ghana. Ilé-iṣẹ́ NEDCo ló ń pín in fún Tamale àti àríwá orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n láti ìdí tiransífọ́má dé ìdí gírídù yín, wáyà gígùn, wáyà tínrín àti ọ̀pọ̀ ilé tó jùmọ̀ ń fa iná kan náà lè jẹ nínú rẹ̀, pàápàá nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin tí ooru mú, tí fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù kò sinmi. Bí 230 bá di 180, ẹ má rò pé díẹ̀ ló lọ. Bí fólítì bá dín, iná tí ń ṣàn nínú ẹlimẹ́ǹtì náà á dín, àdínkù méjèèjì ló sì ń pàdé lórí ooru. 3,000 wáàtì á di nǹkan bí 1,840, ìṣẹ́jú 4 á lé ní 6. Dáírẹ́ẹ̀tì kò lè wo èyí sàn. Wáyà tó nípọn àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gírídù nìkan ń lò ló lè ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ má sì lọ fi sitabuláísà kékeré tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n gbé e: ẹ̀rọ tó ń fa iná ámípíà 13 á jó o.

Àwọn mìíràn á ní: “Ṣùgbọ́n lẹ́yìn dáírẹ́ẹ̀tì, ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Kò lè ṣe kó má gbóná. Ohun tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kò ní ibi tí yóò dúró. Kò tètè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ o. Ó kàn kọ̀ láti dá dúró ni. Òróró ẹ̀pà tó bá ti lé dáadáa ní dígírì 200 ti ń rú èéfín. Bó bá dé nǹkan bí 360, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ẹni tó bá sì ní ojú lòun fi ń ṣọ́ ọ, irin tó wà ní 200 àti èyí tó wà ní 350 dúdú bákan náà lójú. Oníbàárà kan péré tó bá béèrè ṣéńjì ti tó láti gbé ojú yín kúrò lára rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

N kò sọ pé tẹ́mósítáàtì kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìbàjẹ́ tó ń ṣe. Bí páìpù tínrín yẹn bá lu, tí ohun olómi inú rẹ̀ jò tán, kò sí ohun tí yóò ti awọ ìlù mọ́, iná kò ní kú. Bí wọ́n bá fi Motorking, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù, gbé ẹ̀rọ gba ọ̀nà gbágungbàgun, tí ọ̀pá bàbà já kúrò lára irin, ooru atẹ́gùn ni yóò máa wọ̀n dípò ti irin. Irin á gbóná kọjá àlà. Bí ẹnu irin méjì bá jó lẹ̀ mọ́ra, bákan náà ni. Bí wọ́n bá sì jó tí wọn kò kan ara wọn mọ́, ẹ̀rọ kò ní gbóná rárá. Ẹ rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, gbígbóná jù tàbí àìgbóná rárá ni ti tẹ́mósítáàtì. Èyí tó bá ń gbóná ní ààbọ̀, fólítì ni kí ẹ wò, tàbí kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú ẹlimẹ́ǹtì méjì ti já, tàbí bóyá èépá dúdú ti dì sórí irin tí ooru kò fi ráyè kan oúnjẹ. Atúnṣe tó bá gbọ́ “kò gbóná tó” tó sì sáré sí tẹ́mósítáàtì, bí kò bá jẹ́ aláìmọ̀kan, oníjìbìtì ni.

Ẹni tó bá ní mítà lè yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára iná, kó wọn ẹlimẹ́ǹtì náà. Èyí tó ń jẹ 3,000 wáàtì lórí fólítì 230 gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan bí ohm 17 sí 18. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, ó ti já. Èmi ìbá tẹ̀ síwájú sórí bí a ṣe ń wọn àwọn ẹ̀yà yòókù, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó burú ju dáírẹ́ẹ̀tì lọ, n kò sì ní dákẹ́ lé e: wáyà ilẹ̀ tí wọ́n ń gé. Nínú ẹlimẹ́ǹtì, ìyẹ̀fun funfun kan ló ya wáyà tó ń gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára irin tó bò ó. Ìyẹ̀fun yìí máa ń fa omi mu. Bí ẹ bá da omi sórí gírídù láti fọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ gbé e sílẹ̀ sínú ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà òjò, omi lè wọ ibẹ̀, iná á sì máa gba ara irin àti wáyà ilẹ̀ sá lọ sínú ilẹ̀. Bíréékà tó dáa á já. Ààbò yín ló ń ṣe. Atúnṣe á wá gé wáyà ilẹ̀, bíréékà kò ní já mọ́, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tó ń sá lọ kò tíì kúrò. Ara gírídù ló jókòó sí, ó ń dúró de ọwọ́ tútù tó máa kàn án lórí símẹ́ńtì tútù. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n yọ ẹlimẹ́ǹtì náà, kí wọ́n fi ooru ìwọ̀nba gbẹ ẹ́, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí kò bá sàn, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdáhùn tí mo mọ̀ pé yóò tẹ̀ lé e ni owó: tẹ́mósítáàtì tuntun wọ́n, dáírẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ń jẹ iná láìsinmi, ó ń jó òróró, ó ń jó oúnjẹ, ó sì ń jó ẹlimẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì kì í sì í ṣe ohun ọ̀wọ́n ọjà. Irú rẹ̀ kan náà ló wà nínú ẹ̀rọ ìdínǹkan àti nínú ọ̀pọ̀ ààrò oníná. Kí ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sí i lára bá ti àtijọ́ mu, kí agbára ámípíà rẹ̀ má sì kéré sí ti àtijọ́. Ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà ilé, òfin L.I. 2008 ti ọdún 2011 ti mú kí àjọ Energy Commission ní Ghana máa fún àwọn oníṣẹ́ wáyà ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Nírọ̀lẹ́, ẹ ha èépá kúrò nígbà tí irin ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ nù ún, bó bá jẹ́ irin tó ń dípẹtà, ẹ fi òróró tàbí òrí díẹ̀ pa á lára. Ẹ má ṣe da omi tútù sórí irin gbígbóná. Bí ẹ bá sì gbé e fún atúnṣe, ẹ ní kó kó gbogbo ohun tó yọ padà fún yín. Nígbà tó bá dé, ẹ yí i sí 150, kí ẹ dúró tì í. Bí iná kékeré yẹn kò bá kú lẹ́yìn tí irin ti gbóná dáadáa, ẹ má ṣe dín ohunkóhun lórí rẹ̀: wọ́n ti yọ ẹ̀ṣọ́ yín.