Igi Ìdáná Lórí Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

Ẹ̀yin ọmọ wa, ilẹ̀ tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tà, ṣé ó tún lè hu nǹkan? Ní Brandywine, ní Prince George's County wa níhìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní 1983. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, wọ́n bò ó, wọ́n sì gbin igi poplar sórí rẹ̀. Ẹ̀ka lásán ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, bí agúnmániyè nílé. Tó bá tó bí ọdún 6, ó ti tó gé. Irú igi bẹ́ẹ̀ ṣeé rún wẹ́wẹ́ fún ìdáná.

Àmọ́ gbòǹgbò ni iṣẹ́ wà o! Òun ló ń fa ọ̀rá ìdọ̀tí yẹn mu. Bí kò bá fà á, ó lè ṣàn wọ inú omi kànga. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí University of Maryland fi yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.